Òkúta Márùn-ún àti Páìpù Aláriwo

Ajé, ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún, ọdún 1983. Ajah.

Èmi Làtífátù ni mo ń sọ ọ́. Sìdíkàt ọmọ ọmọ mi ló ń kọ ọ́. Mi ò mọ̀wé. Mo ti sọ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó ṣe kọ ọ́. Kò gbọdọ̀ fi tirẹ̀ kún un, kò gbọdọ̀ tún un ṣe. Bó bá tún un ṣe, màá mọ̀. Kò mọ bí màá ṣe mọ̀. Ìyẹn ló dára.

Ìdí tí a fi ń kọ ọ́ nìyí. Páìpù omi tó gba iwájú ilé mi kọjá ń dún, ó sì ń bẹ́. Ó ti bẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láti Iléyá. Lánàá ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Àwọn olómi wá tún un ṣe, wọ́n bi mí pé ìgbà wo ló ti bẹ́ ṣáájú èyí. Mo ní ìgbà tí ewúrẹ́ mi bímọ. Wọ́n ní ìyẹn kì í ṣe ọjọ́. Ewúrẹ́ bí ọmọ méjì láyé yìí, wọ́n ní kì í ṣe ọjọ́.

Sìdíkàt wà ní yunifásítì, ọdún tó máa parí nìyí. Iṣẹ́ ẹnjiníà ló ń kọ́. Wọ́n ní kó fi nọ́ńbà sọ ohun tí omi ń ṣe nínú páìpù nígbà tí wọ́n bá dá a dúró lójijì. Páìpù wa yìí ló mú. Ọ̀gá rẹ̀ kan wà tí mo ń pè ní Onírùngbọ̀n. Mi ò tíì rí i rí, ṣùgbọ́n bí ọmọ yìí bá fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, irùngbọ̀n ló kọ́kọ́ máa ń dárúkọ. Onírùngbọ̀n ní bí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá bá páìpù mu títí di Jímọ̀ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, á tún ọdún náà kà. Bàbá rẹ̀, ọmọ tí mo bí, ní bó bá tún ọdún kà, ilé ọkọ ni yóò ti kà á. Ó ti ní ẹni tó fẹ́ fún un. Ọkùnrin náà ń ta táyà.

Nítorí náà ó wá bá mi gbé kó lè máa gbọ́ páìpù. Kí n máa sọ ọjọ́ tó bá dún àti àkókò rẹ̀. Ohun mìíràn tí mo bá sọ, kó kọ ọ́ náà. Ìwé ṣì kù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta.

Aláriwo dún ní Àyìlá. Ó dún ní Àlàásárì. Páìpù ni mo ń pè bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún.

Sìdíkàt ti tẹ́ ìwé onílà sí gbogbo ilẹ̀ yàrá. Mi ò rí ibi tí mo lè fi ẹsẹ̀ sí. Mo ní kí ló ń ṣe. Ó ní òun gé páìpù sí ọ̀nà mẹ́wàá. Mo ní ta ló fún un láṣẹ. Ó ní lórí ìwé ni.

Ó ṣàlàyé fún mi. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ.

Ká ní ilé mẹ́wàá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kan. Ilé àkọ́kọ́ ni ilé ẹ́ńjìnnì tó ń ti omi, létí ọ̀sà. Ilé tó gbẹ̀yìn ni táǹkì orí òpó, lẹ́bàá ọjà. Ẹ́ńjìnnì kú ní ilé àkọ́kọ́. Ilé kẹwàá kò mọ̀. Omi tirẹ̀ ṣì ń sáré. Ìròyìn ní láti rìn. Ilé kìíní á sọ fún ìkejì, ìkejì á sọ fún ìkẹta, títí yóò fi dé táǹkì. Bó bá dé táǹkì, á yí padà, á máa bọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Nítorí náà ilé kọ̀ọ̀kan ń gbọ́ ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ń gbọ́ ti ọwọ́ òsì. Ó pa méjèèjì pọ̀, ìyẹn ni yóò sọ bí omi ṣe ń tì í lára tó. Sìdíkàt á kọ ìyẹn sínú àpótí kékeré kan lórí ìwé. Á sọ̀kalẹ̀ sí ìlà kejì, á tún bi ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá léèrè. Ìlà mẹ́wàá ni ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ti kún ojú ilẹ̀, kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ.

Mo ní ṣé òfófó ni wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òfófó tí kò lè purọ́. Mo ní irú rẹ̀ ò sí ní Ajah.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹfà.

Kàsímù ló ń ṣọ́ ẹ́ńjìnnì, ìgbà tí ẹ́ńjìnnì dé ni òun náà dé Ajah. Ọlọ́wọ́-kíá ni mo ń pè é. Bí ìrun bá tó, á pa ẹ́ńjìnnì, á mú fáàfù tí wọ́n fi ń dí ọ̀nà omi, irin róbótó kan bí ọwọ́ ìtukọ̀ mọ́tò, á yí i fìrì fìrì, á sì sáré lọ sí mọ́sáláṣí. Kò fẹ́ kí ráká àkọ́kọ́ kọjá òun. Páìpù á wá dún: gbì.

Ohùn ládánì kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó ti di pé bí páìpù bá ti dún, àwọn obìnrin àdúgbò á bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá. Mo ti kìlọ̀ fún wọn pé páìpù kì í ṣe Mùsùlùmí. Sìlífátù tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé mi ní páìpù sàn ju ládánì lọ, torí kì í ṣòjòjò, kì í lọ sóde ìyàwó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Kàsímù dúró níbi òkúta márùn-ún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Sàfúrátù orogún mi, bó ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó tẹ́ ọwọ́. Ó ka Fàtíà fún ọkọ mi. Ó ní kí Ọlọ́run fẹ ibojì rẹ̀ fún un. Mo wà níwájú ilé mi lórí òkè, mo ní àmín. Ọdún karùn-ún rèé.

Sìdíkàt ní, "Ìyá àgbà, ṣebí Lákòwé ni wọ́n sin Bàbá àgbà sí?"

Mo ní oorun ń kùn mí. Kó pa ìwé dé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ keje.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, Aláriwo á dún, á dákẹ́, á tún dún, á dákẹ́, títí yóò fi rẹ̀ ẹ́. Nọ́ńbà Sìdíkàt ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin ló yẹ kó wà láàárín dídún kan àti èkejì. Mo ní márùn-ún ni. Ó ní báwo ni mo ṣe mọ̀. Mo gbé tẹ̀sùbáà mi sókè. Bí mo bá jókòó níwájú ilé, mò ń kà á. Láàárín gbì àti gbì, ẹyọ márùn-ún.

Ó ní kíkà mi ti yá jù. Mo ní mo ti ń ka tẹ̀sùbáà kí wọ́n tó bí bàbá rẹ̀. Ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí n kà. Mo kà. Ìṣẹ́jú kan, ẹyọ ọgọ́ta. Ó ní kí n tún kà. Ọgọ́ta. Ó ní ẹ̀ẹ̀kẹta. Mo kà á, mo ní bí kò bá jẹ́ ọgọ́ta kó bú mi. Ọgọ́ta ni.

Ó jókòó. Ó ní a jẹ́ pé ọ̀kan nínú méjì ni. Yálà ìròyìn ń rìn lọ́ra nínú páìpù yìí ju bí ìwé ṣe wí lọ, tàbí kí páìpù gùn ju bí wọ́n ṣe yà á lọ. Nínú àwòrán, ẹgbẹ̀rún mítà ni, tààrà láti ilé ẹ́ńjìnnì dé táǹkì. Ó ní àwòrán kò lè ṣìṣe, àwọn tó ri páìpù ló fọwọ́ sí i.

Mo tún tẹ̀sùbáà mi mú, mo ń kà á lọ.

Àìkú, ọjọ́ kẹjọ.

Ó dún ní Àyìlá. Márùn-ún.

Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án.

Sàfúrátù wá pọn omi. Ọkọ kan náà ló fẹ́ wa. Ó kú, ó fi wá sílẹ̀ fún ara wa. Ìyàwó Kékeré ni mo ṣì ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ní ọmọ ọmọ mẹ́sàn-án, eyín rẹ̀ ò sì pé mọ́. Ilé tirẹ̀ wà nísàlẹ̀, tèmi wà lórí òkè iyanrìn. Ẹ̀rọ omi wà níwájú ilé mi. Kò sí níwájú tirẹ̀. Láràárọ̀ ló ń gbé garawa gun òkè wá. Mo máa ń gbé àpótí síta kí n lè rí i dáadáa.

Ó ní, "Ìyáálé mi, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́ ọlọ́pàá omi."

Mo ní, "Ìwọ náà kú ẹsẹ̀. Rọra, má dà á sí mi lẹ́nu ọ̀nà."

Ó wo ẹrẹ̀ tó wà níwájú ilé mi. Ó wo àwọn obìnrin méjì tó ń jà nítorí ẹni tó ṣáájú. Ó wo ògiri mi tó ti sán níbi tí páìpù bẹ́ sí. Ó ní, "Ọlọ́run mọ ẹni tó lè gbé e, ló fi gbé e fún yín."

Ìlara ni. Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá.

Sìdíkàt ti dé láti yunifásítì. Àná ló lọ. Ó gbé káàdì oníhò apẹ̀rẹ̀ kan lọ. Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tó tóbi bí yàrá, ihò ló ń kà, iṣẹ́ tí ọmọ yìí fi oṣù kan ṣe ni ẹ̀rọ yẹn ń ṣe kí ẹ̀bà tó tutù. Mo ní kí ni wọ́n wá ń jókòó kọ́ sí. 

Ẹ̀rọ náà ní mẹ́rin. Ó tún ní bí páìpù yóò bá bẹ́, ẹ̀gbẹ́ ilé ẹ́ńjìnnì ni yóò ti bẹ́, níbi tí omi ti le jù. Iwájú ilé mi ló ń bẹ́ sí. Kò bẹ́ lọ́dọ̀ Kàsímù rí.

Onírùngbọ̀n bi í lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, "Ta ló ń purọ́? Ṣé ìwọ ni àbí páìpù?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Kò jẹ ẹ̀bà nígbà tó dé. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Ó ní ọ̀nà kan wà o. Òun lè yí bí ìròyìn ṣe ń yára sí padà lórí ìwé, títí mẹ́rin yóò fi di márùn-ún. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mo ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é. Ó ní rárá, olè ni. Ó wo ilẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá.

Mi ò ní nǹkan kan láti sọ lónìí. Kọ ọ́ pé mi ò ní nǹkan kan láti sọ.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàlá.

Ó bẹ́. Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin. Àkókò ìrun Jímọ̀. Ó pẹ́ Kàsímù kó tó rántí, ó wá fi agbára pa gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ gbì àkọ́kọ́. Mo ń ka ẹyọ tẹ̀sùbáà. Mo dé ẹyọ karùn-ún, ilẹ̀ là.

Omi ti iwájú ilé ya wọ ilé ìdáná mi lẹ́yìn. Ògiri ẹ̀yìn wó. Sìlífátù wà lẹ́yìn ògiri náà, ó ń ṣe àlùwàlá, torí ó ti gbọ́ tí páìpù dún. Ó wó lé e lápá. Apá náà ṣẹ́.

Sìdíkàt wọ inú ẹrẹ̀ lọ fà á jáde. Èmi di ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ mú. Kò sí ohun mìíràn tí mo lè ṣe.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá.

Wọ́n ti di apá Sìlífátù. Mo gbé ẹja yíyan lọ fún un. Ó ní, "Ìyá, ẹ mà ṣeun o, kí ni mo ṣe fún yín?" Mo ní kó jẹ ẹja.

Àìkú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

Sìdíkàt, mú bírò. Má dá mi lóhùn, má dá ọwọ́ dúró. Kọ.

Páìpù náà kò tọ́. Ó yí.

Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn tí wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ràṣídì ni olórí àwọn agbẹ́lẹ̀. Ó ta okùn. Okùn náà gba ẹ̀gbẹ́ ilé Sàfúrátù kọjá, tààrà, bó ṣe wà nínú àwòrán rẹ. Wọ́n ní ibi tó bá gbà ni wọ́n máa ri ẹ̀rọ omi mọ́. Sàfúrátù wà ní Ẹ̀pẹ́ nígbà náà, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo rò ó. Mo rí i pé èmi ìyáálé ni màá máa gbé garawa sọ̀kalẹ̀ lọ síwájú ilé ìyàwó kékeré títí màá fi kú.

Mo lọ sí ibi tí mo ti ń yan ẹja. Mo ṣa òkúta mẹ́ta níbẹ̀. Òkúta kò sí ní Ajah, iyanrìn ni gbogbo rẹ̀. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi gbé wọn wá fún mi. Mo tò wọ́n sójú ọ̀nà okùn Ràṣídì kó tó dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀. Nígbà tó dé, mo ní ọkọ mi ló wà níbẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó káàánú mi. Ó ní kí wá ni kí òun ṣe. Mo ní kó gba orí òkè iyanrìn, kó gba iwájú ilé mi, kó wá yí padà sójú ọ̀nà níwájú. Ó ní yóò gùn, yóò sì gun òkè. Mo ní omi ò ní orúnkún tí yóò máa dùn ún.

Kò tún àwòrán yà. Ó ní bí òun bá yí ìwé padà, wọ́n á bi òun ní ìbéèrè. Ó ti kó lọ sí Sókótó. Kò sẹ́lòmíràn tó mọ̀.

Kò sí ẹnikẹ́ni lábẹ́ òkúta yẹn. Lákòwé ni bàbá bàbá rẹ wà, bí o ṣe wí.

Òkúta mẹ́ta ni mo tò. Márùn-ún ló wà níbẹ̀ báyìí. Mi ò mọ ẹni tó fi méjì kún un. Mo rò pé Kàsímù ni, kó lè rí ibi tí yóò kọjú sí.

Mi ò sọ ọ́ nígbà tí ògiri sán. Mi ò sọ ọ́ nígbà tí ọmọ yìí kò jẹun. Mo sọ ọ́ lónìí torí apá Sìlífátù. Èmi ò sunkún. Kọ ìyẹn náà.

Sìdíkàt, mo ní má dá ọwọ́ dúró.

Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún.

Ó kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó mú okùn wá, ó ní kí n di etí kan mú.

A rìn ín. Láti ibi tí páìpù ti yà kúrò lójú ọ̀nà, gun òkè, gba iwájú ilé mi, sọ̀kalẹ̀, dé ibi tó ti padà. Mo ń fi ọ̀pá nàka ibi tí mo rántí. Ó gbẹ́ ilẹ̀ níbi mẹ́ta láti mọ̀ bóyá mò ń purọ́. Páìpù wà níbẹ̀ nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó fi igba mítà ó lé àádọ́ta gùn ju àwòrán lọ. Ibi tó ga jù lójú ọ̀nà rẹ̀ láti ọ̀sà dé ọjà ni iwájú ilé mi.

Ó jókòó sórí iyanrìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo ní kí ló pa á lẹ́rìn-ín. Ó ní ó lé ní oṣù kan tí òun ti ń bú ìṣírò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún.

Márùn-ún.

Ó gbé káàdì tuntun lọ lánàá, ó gbé ìwé dé lónìí. Ó ní kí n fi ọwọ́ kàn án. Mo fi kàn án. Ìwé ni.

Ó tún páìpù gé sí mẹ́wàá, ó fi òkè sí i. Ilé kẹfà ni tèmi. Ó ní bí ẹ́ńjìnnì bá kú, omi tó ti kọjá orí òkè kò tíì gbọ́, ó ṣì ń sáré lọ. Èyí tó wà lẹ́yìn ti dúró. Àárín wọn á ya, ibi tó ga jù á ṣófo. Tí omi iwájú bá wá padà, á ká èyí tó dúró mọ́bẹ̀, wọn á forí gbá ara wọn. Iwájú ilé mi ni wọ́n ti ń forí gbárí láti ọdún márùn-ún.

Lórí ìwé, páìpù bẹ́ síwájú ilé mi. Inú ọmọ yìí dùn bí ẹni tó rí owó he. Mi ò rí irú ẹ̀ rí, kí ilé ẹni wó lórí ìwé, kí wọ́n máa jó.

Jímọ̀, ọjọ́ ogún.

Sìdíkàt lọ bá Kàsímù. Ó ní kó má ṣe pa ẹ́ńjìnnì kó tó ti fáàfù mọ́. Kó kọ́kọ́ ti fáàfù díẹ̀díẹ̀. Kàsímù ní díẹ̀díẹ̀ mélòó. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìṣẹ́jú àáyá. Mo rí i pé kò yé e. Mo ní, "Kàsímù, yí i lẹ́ẹ̀kan, ka Sùbùhánáláhì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Tún yí i lẹ́ẹ̀kan, ka Àlìhámùdùlíláhì mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Máa lọ bẹ́ẹ̀." Ó ní, "Ìyá, a jẹ́ pé ìjọ́sìn ni." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun á máa tètè bẹ̀rẹ̀, kí ìrun má bàa bá òun níbẹ̀.

Nígbà tó ń padà bọ̀ láti mọ́sáláṣí, ó dúró níbi òkúta, ó ka Fàtíà. Sìdíkàt wò mí. Mo ní àmín. Nígbà tó lọ tán, mo ní bí ìròyìn omi bá lè rìn dé táǹkì kó sì padà, Fàtíà lè dé Lákòwé.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún.

Kò dún. Kò dún ní Àyìlá, kò dún ní Àlàásárì. Omi dúró jẹ́ẹ́.

Àwọn obìnrin àdúgbò ò kírun. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ kí Sìlífátù tó gbé apá tí wọ́n dì jáde, ó ní ṣé páìpù ò lọ́rọ̀ sọ lónìí ni.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún.

Onírùngbọ̀n wá fúnra rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ kò tó bí mo ṣe rò. Ọ̀gá àwọn olómi wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n ní kí Kàsímù pa ẹ́ńjìnnì lójijì lẹ́ẹ̀kan péré. Onírùngbọ̀n mú aago tí wọ́n fi ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ó dún. Mo kà. Ó wo aago, ó wo tẹ̀sùbáà mi.

Ó ní, "Màmá, ta ló sọ fún ọmọ yín pé páìpù yí?"

Mo ní, "Ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń yí i."

Ó rẹ́rìn-ín, kò bi mí síwájú sí i. Ó ní iṣẹ́ Sìdíkàt dára, kó dì í, kó mú un wá ní Jímọ̀. Ọmọ yìí kúnlẹ̀ fún un nínú iyanrìn. Ọkùnrin táyà á wá ìyàwó níbòmíràn.

Ọ̀gá olómi ní fífi sùúrù ti fáàfù kò tó, torí ẹ́ńjìnnì lè kú fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rò ó. Ọ̀nà méjì ló wà. Yálà kí wọ́n tọ́ páìpù, kó gba ìsàlẹ̀ tààrà, ẹ̀rọ omi á sì bá a lọ síwájú ilé Sàfúrátù. Tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n fi irin kan tó ń mí sórí òkè. Bí páìpù bá fẹ́ ṣófo níbẹ̀, á fa atẹ́gùn sínú, omi ò ní forí gbárí mọ́. Sìdíkàt ti bi ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá léèrè nípa méjèèjì. Kò bẹ́ nínú èyíkéyìí. Ọ̀gá olómi ní títọ́ ló wu òun.

Ó wá wo òkúta márùn-ún. Ó ṣí fìlà, bíi ti Ràṣídì. Ó ní, "Ṣùgbọ́n àwọn ẹbí ló ni ọ̀rọ̀ ibojì. Bí ẹbí bá ní ká má fọwọ́ kàn án, irin tó ń mí náà la máa lò." Ó ní òun á wá gbọ́ lẹ́nu ẹbí ní Ajé.

Ẹbí tí yóò bi léèrè ní Ajah, èmi ni àti Sàfúrátù.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n.

Mo pinnu. Màá sọ fún Sàfúrátù lọ́la. Kó gba ẹ̀rọ omi rẹ̀.

Jímọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n.

Sìdíkàt ti gbé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Onírùngbọ̀n láàárọ̀. Wọ́n gbà á. Ìyẹn ti parí.

Nígbà tó kúrò nílé ni mo sọ̀kalẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Sàfúrátù. Ọdún márùn-ún rèé tí mi ò ti dé ilé rẹ̀. Ó ń já ewé. Ó dìde, ó kúnlẹ̀, ó ní ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kó jókòó. Mo sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀kankan pamọ́. Òkúta. Ràṣídì. Ìgbà tó wà ní Ẹ̀pẹ́. Mo ní iwájú ilé rẹ̀ ló yẹ kí ẹ̀rọ omi wà, èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní tó bá di Ajé, màá sọ fún ọ̀gá olómi pé kò sí òkú níbẹ̀, wọ́n á tọ́ páìpù, ẹ̀rọ omi á di tirẹ̀. Mi ò bẹ̀ ẹ́. Mo kàn sọ ọ́.

Ó ń wò mí. Ó gbé ewé sílẹ̀.

Ó ní, "Ìyáálé mi, mélòó ni òkúta tí ẹ tò?"

Mo ní mẹ́ta.

Ó ní, "Mélòó ló wà níbẹ̀?"

Mo ní márùn-ún.

Ó ní, "Ta lẹ rò pé ó fi méjì kún un?"

Ó ní nígbà tí òun ti Ẹ̀pẹ́ dé, òun rí i pé páìpù ti yà lọ́dọ̀ òun, òun foríkanlẹ̀ dúpẹ́. Òun ti rí ẹ̀rọ omi níwájú ilé ọmọ òun ní Ẹ̀pẹ́ yẹn: ẹrẹ̀, ẹ̀fọn, ìjà, àwọn obìnrin tí í jí ni lójú oorun. Ẹ̀rù wá ń bà á kí wọ́n má padà wá tọ́ ọ. Ó wo òkúta mẹ́ta yẹn, ó ní wọn kò jọ ibojì, ààrò ẹja ni wọ́n jọ. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé méjì sí i wá láti Ẹ̀pẹ́. Ó tò ó fúnra rẹ̀. Ó ní bí Kàsímù bá ń ka Fàtíà, òun náà máa ń ṣe àmín, láti ojú fèrèsé.

Mo ní, "Ìwọ mọ̀ láti ọjọ́ yìí wá?"

Ó ní, "Mo rò pé ẹ fẹ́ràn mi ni."

A jókòó. Mi ò mọ bó ṣe pẹ́ tó, mi ò mú tẹ̀sùbáà dání.

Ó wá ní ọ̀gá olómi ń bọ̀ ní Ajé. Irin tó ń mí yẹn, ṣé lóòótọ́ ni Sìdíkàt ní kò ní bẹ́ mọ́ bí wọ́n bá fi í sí i? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bi ilé mẹ́wẹ̀ẹ̀wá. Ó ní ògiri ò ní wó lu ẹnikẹ́ni mọ́? Mo ní rárá. Ó mú ewé rẹ̀, ó ń já a lọ. Ó wo òkúta márùn-ún láti ojú ọ̀nà, ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ó ní, "Ìyáálé mi, ọkọ wa ga. Márùn-ún yẹn kò gùn tó o. Ṣé òkúta ṣì kù lẹ́yìn ilé yín?"

Mo ní ó ku méjì.

Sìdíkàt, kí ló dé tí o dá ọwọ́ dúró? Kọ ọ́.